Adágún Calgary: Ẹ Bá Ajílẹ̀ Wí Kí Ẹ Tó Ra Ẹ̀rọ

Lake Bonavista, Midnapore, Sundance, McKenzie Lake, Chaparral, Auburn Bay, Mahogany: ẹni tó bá ń ka orúkọ àwọn àdúgbò yìí lè rò pé orí omi ni wọ́n tẹ Calgary dó. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Kì í ṣe Ẹlẹ́dàá ló fi adágún wọ̀nyẹn síbẹ̀, katakata ló gbẹ́ wọn, láti ìparí àwọn ọdún 1960 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ti Bonavista. Ẹni tó bá ra ilé níbẹ̀ ra ìpín nínú adágún náà. Wọ́n kọ owó ọdọọdún ẹgbẹ́ onílé mọ́ ìwé ilẹ̀ rẹ̀, kò sì lè lóun ò san. Lára owó yẹn ni wọ́n fi ń tún etí omi ṣe, tí wọ́n sì fi ń ra ẹja trout tí wọ́n ń dà sínú rẹ̀. Yàtọ̀ sí ti àwọn onílé, ìjọba ìlú náà ní adágún tirẹ̀ káàkiri, èyí tí wọ́n gbẹ́ kí àgbàrá òjò lè rí ibi sinmi kó tó wọ odò. Ọ̀kan nínú wọn ni ti Elliston Park, níbi tí èrò ti máa ń pé jọ wo iná ọdún GlobalFest lóṣù kẹjọ. Ewu kan náà ló ń dojú kọ gbogbo omi wọ̀nyí: ọ́síjìn inú wọn lè dín kù débi pé ẹja ò ní rí èyí tó máa mí. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni pé kí wọ́n ra ẹ̀rọ tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi. Èrò tiwa ni pé ẹ̀rọ náà wúlò, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló yẹ kó gba owó àkọ́kọ́. Ohun tó ń jẹ ọ́síjìn omi náà run ló yẹ ká kọ́kọ́ kojú. Calgary sì mọ bẹ́ẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ìlú lọ, nítorí ó ti ṣe é rí.

Omi kì í gba ọ́síjìn púpọ̀. Nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí, ìdá 21 nínú 100 ni ọ́síjìn. Ṣùgbọ́n lítà omi kan tó tutù dé 0°C ní etí òkun, ìwọ̀n mílígíráàmù 14.6 péré ló lè gbà. Bó bá móoru dé 20°C, ó di 9.1. Calgary sì ga ju òkun lọ ní ohun tó lé ní 1,000 mítà, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́, iye yẹn sì tún fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá dín. Ìlànà ìjọba Alberta fún ààbò ohun ẹlẹ́mìí inú omi ni pé kí ọ́síjìn má wálẹ̀ ju mílígíráàmù 5 nínú lítà kan lọ nígbà kankan, kí ìpíndọ́gba ọjọ́ méje má sì dín sí 6.5. Láti àárín oṣù karùn-ún títí dé ìparí oṣù kẹfà, tí àwọn kòkòrò tí ẹja ń jẹ ń jáde látinú omi, wọ́n gbé e sí 8.3. Ẹ fi iye tí omi lè gbà lọ́jọ́ ooru wé iye tí wọ́n ní kó wà níbẹ̀, ẹ ó rí i pé àyè tó wà láàárín méjèèjì kò tó nǹkan. Adágún tí ara rẹ̀ le pàápàá ò jìnnà sí ibi tó léwu.

Ìgbà òtútù ni ewu náà pọ̀ jù fún adágún tí kò jìn. Ọ̀nà méjì ni ọ́síjìn fi ń wọ omi: kó wọlé látinú afẹ́fẹ́ tó wà lókè rẹ̀, tàbí kí ewé inú omi ṣe é nígbà tí oòrùn bá ràn. Yìnyín á dí ọ̀nà àkọ́kọ́. Sínóò tó bá wá jókòó lé yìnyín lórí á dí ọ̀nà kejì, nítorí ìmọ́lẹ̀ ò ní lè kọjá. Inú òkùnkùn yẹn ni ewé á ti kú, tí kòkòrò àìfojúrí á máa jẹ òkú ewé náà, tí wọ́n á sì máa mí ìwọ̀nba ọ́síjìn tó ṣẹ́ kù. Kò sí èyí tó ń wọlé mọ́, ìnáwó nìkan ló kù. Nígbà tí yìnyín bá wá yọ́ ní ìgbà ìrúwé, ẹja tó ti kú tipẹ́tipẹ́ lábẹ́ rẹ̀ ló ń léfòó yẹn, àwọn tó ń na ẹsẹ̀ kọjá létí omi á sì rò pé àná ni nǹkan ṣe é. Ìdí kan nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi máa ń pẹ́ kó tó dé etí àwọn tó yẹ kó gbọ́: ìgbà tí ìṣòro ń ṣẹlẹ̀ kọ́ là ń rí i.

Ti ìgbà ooru yàtọ̀ díẹ̀. Ewé wẹ́wẹ́ tí ń mú kí omi dà bí ọbẹ̀ ewédú máa ń ṣe ọ́síjìn lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n bílẹ̀ bá ṣú, òun náà á di ẹni tí ń mí in. Ẹni tó bá fi ẹ̀rọ wọn omi náà láago méjì ọ̀sán á ní kò sí ohun tó ṣe é. Ẹ jẹ́ kó padà wá kí ojúmọ́ tó mọ́, nígbà tí ewé, ẹja àti kòkòrò ti fi gbogbo òru pín ìwọ̀nba tó wà. Bí ewé náà bá tún kú lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tí ooru mú tí afẹ́fẹ́ ò fẹ́, òkú rẹ̀ á parí ohun tí òru bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ onílé kan bá ní àwọn ń wọn ọ́síjìn adágún àwọn, ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi wọ́n ni ìgbà tí wọ́n ń wọ̀n ọ́n àti bó ṣe jìn tó nísàlẹ̀.

Àwọn òǹkàwé wa tó mọ ẹja àrọ̀ lè máa ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí ẹja àwọn òyìnbó fi ń ṣe ẹlẹgẹ́ tó báyìí. Àrọ̀ tí wọ́n kó sínú bàsíà lọ́jà, tí omi inú rẹ̀ kò bo ẹ̀yìn rẹ̀ tán, tí iyàwó ilé á gbé délé láàyè láàyè: ó ní ẹ̀yà ara kan tó fi ń gba afẹ́fẹ́ òkè, ìdí nìyẹn tó fi ń yọ ẹnu sókè bí omi bá bàjẹ́. Trout kò ní irú ẹ̀yà ara bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà nínú omi náà ló ní. Ẹja goldfish tí àwọn kan ń kó látinú ìgò inú yàrá lọ dà sínú adágún àgbàrá sì tún burú ju àrọ̀ lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí ọ́síjìn bá tán pátápátá, ara rẹ̀ lè sọ èérí tó yẹ kó pa á di ọtí, kó sì tú ọtí náà dà sínú omi, ó sì lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lábẹ́ yìnyín. Nítorí náà, adágún tí ọ́síjìn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ kì í ṣófo. Ẹja tí a fẹ́ ló ń kú níbẹ̀, èyí tí a ò pè ló ń gbilẹ̀. Ohun tó ń ká ìjọba Alberta lára nìyẹn tó fi ń bẹ àwọn ènìyàn kí wọ́n yé da ẹja ilé sínú omi ìgboro.

Ẹ jẹ́ ká fún ẹ̀rọ ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Lọ́dọọdún ni àjọ Alberta Conservation Association ń fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́ ní àwọn adágún kan ní ìgbà òtútù, bíi Muir Lake nítòsí Edmonton, kí trout tí wọ́n dà síbẹ̀ lè rí ìgbà ìrúwé. Láìsí i, ẹja náà ò ní là á já. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà ń ṣe kì í ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò. Afẹ́fẹ́ tí ń hó gùdùgùdù nínú omi yẹn fúnra rẹ̀ kò fún omi ní ọ́síjìn púpọ̀. Ohun tó ń ṣe gan-an ni pé ó ń gbé omi ìsàlẹ̀ sókè, ó ń ṣí ojú yìnyín, kí omi àti afẹ́fẹ́ lè pàdé. Ibẹ̀ sì ni ìjàǹbá rẹ̀ wà. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ títí di àárín òtútù, lẹ́yìn tí omi ìsàlẹ̀ ti pàdánù gbogbo ọ́síjìn rẹ̀, tí wọ́n wá tàn án, yóò gbé omi burúkú yẹn sókè lọ bá ẹja níbi tí wọ́n sá sí, yóò sì pa èyí tó yẹ kó gbà là. Ìjàǹbá kejì jẹ́ ti ènìyàn. Orí adágún àdúgbò Calgary ni àwọn ọmọdé ti ń fi bàtà onírin ṣeré nígbà òtútù. Òfin ìwà ọ̀daràn Canada, ní abala 263, sọ pé ẹni tó bá ṣe ihò sí yìnyín tí àwọn ènìyàn ń lò gbọ́dọ̀ dáàbò bo ihò náà kí ẹnikẹ́ni má baà jìn sí i. Ẹgbẹ́ onílé tó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ ní láti ra ọgbà tó máa yí i ká pẹ̀lú, àti pátákó ìkìlọ̀, kó sì ní ẹni tí yóò máa lọ wò ó. Ìnáwó rẹ̀ kì í tán lọ́jọ́ tí wọ́n rà á, owó iná mànàmáná nìkan tó ọ̀rọ̀ sísọ.

Kí ni ń jẹ ọ́síjìn náà gan-an? Òkú ewé ni. Kí ni ń bọ́ ewé náà? Lọ́dún 1973, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì David Schindler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ta ọ̀rá bí aṣọ ìkélé sínú adágún 226 ní Experimental Lakes Area ní Ontario, wọ́n pín in sí méjì. Wọ́n da kábọ́ọ̀nù àti náítírójìn sí apá méjèèjì, wọ́n sì da fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì sí apá kan ṣoṣo. Apá tó gba fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ni omi rẹ̀ di aláwọ̀ ewé, ìkejì rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá rí àwòrán tí wọ́n yà láti ojú ọ̀run kò nílò àlàyé mìíràn. Alberta níbí ni Schindler padà wá ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n láti 1989, ó sì kú ní 2021. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì yẹn ni ìjọba Canada dín kù nínú ọṣẹ ìfọṣọ: wọ́n sọ ọ́ di ìdá 2.2 nínú 100 ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, nígbà tó sì di 2010, wọ́n tún gé e sí 0.5. Èyí tó kù tí à ń fọwọ́ ara wa dà sínú omi ni ajílẹ̀ koríko iwájú ilé, ìgbẹ́ ajá, ewé gbígbẹ àti koríko gígé tí òjò ń gbá lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ojú gọ́tà títì lọ sí ilé iṣẹ́ tí ń tún omi ìdọ̀tí ṣe. Kò lọ síbẹ̀. Inú adágún àgbàrá ló ń lọ, tàbí kó yà sódò tààrà. Nítorí èyí ni àwọn ọmọ iléèwé, láti 1991 tí Trout Unlimited Canada ti dá ètò Yellow Fish Road sílẹ̀, ṣe ń kun ẹja aláwọ̀ ìyeyè kéékèèké sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú gọ́tà. Ẹja tí ẹ ń tẹ̀ kọjá lẹ́bàá títì yẹn, ìkìlọ̀ ni, kì í ṣe ẹ̀ṣọ́.

Odò Bow ló jẹ́rìí tó lágbára jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Láti àwọn ọdún 1930 ni ilé iṣẹ́ Bonnybrook ti ń sọ omi ìdọ̀tí Calgary di èyí tó ṣeé dà sódò. Ti Fish Creek wá kún un ní àwọn ọdún 1980, lẹ́yìn náà ti Pine Creek. Bí ìlú ṣe ń gbòòrò, ohun tó ń ti ibẹ̀ jáde sọ ìsàlẹ̀ odò lẹ́yìn ìlú di oko ewé, ewé náà sì ń fa ọ́síjìn odò wálẹ̀ lóru ìgbà ooru. Kò sí ẹni tó dábàá pé kí wọ́n to ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ sétí Bow láti Calgary dé Carseland. Orísun ni wọ́n lọ bá. Ní 1982 sí 1983 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kúrò nínú omi ìdọ̀tí, nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 rẹ̀ ló sì lọ. Kó tó di 1990, wọ́n ti kọjú sí náítírójìn pẹ̀lú. Ìwádìí ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2002 fi hàn pé ewé ńláńlá ìsàlẹ̀ odò dín kù lẹ́yìn tí àwọn nǹkan wọ̀nyí dín. Kò yá. Ọ̀pọ̀ ọdún ni. Ṣùgbọ́n lónìí, ìsàlẹ̀ odò Bow yẹn ni àwọn apẹja ń ti òkè òkun wọkọ̀ òfuurufú wá nítorí trout. Ìlú tó ṣe èyí fún omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ò ní àwáwí tí yóò fi ní òun ò lè ṣe é fún omi iwájú ilé.

Àwọn kan á sọ pé ẹ̀rọ lè gé gbòǹgbò ìṣòro náà fúnra rẹ̀, àwíjàre wọn sì ní ìtumọ̀. Bí ọ́síjìn bá tán nísàlẹ̀ adágún, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó ti so mọ́ irin nínú ẹrẹ̀ á tú sílẹ̀, á tún bọ́ ewé mìíràn, ewé náà á tún kú. Nítorí náà, wọ́n ní, ẹ fún ìsàlẹ̀ ní ọ́síjìn, ẹ ó ti há fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì mọ́ inú ẹrẹ̀. Ní Alberta níbí, láti 1988, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Alberta fún ìsàlẹ̀ Amisk Lake ní ọ́síjìn, omi náà sì sàn: fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì dín, ewé dín. A ò ní fi ìyẹn pamọ́. Ṣùgbọ́n adágún jíjìn ni Amisk, ọ́síjìn gidi tí wọ́n fi ọkọ̀ gbé wá ni wọ́n lò, wọ́n sì ń rà á lọ́dọọdún ni. Ní Switzerland, àwọn adágún Sempach àti Baldegg gba irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ní 1998, àwọn tó ń ṣe ìwádìí rẹ̀ jábọ̀ lórí ọdún mẹ́wàá ìtọ́jú náà pé ọ́síjìn wà nísàlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó ń ti inú ẹrẹ̀ jáde kò torí rẹ̀ dín kù. Nígbà tí ẹ̀rí bá pín sí méjì báyìí, ẹni tó gbọ́n á fi owó rẹ̀ sí ibi tí ẹ̀rí kò ti pín. Ibẹ̀ ni dídín ohun tó ń wọ adágún kù. A kì í fi ètè sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá.

Àtakò mìíràn ni pé bí ilẹ̀ Alberta ṣe rí nìyẹn, pé ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ yìí lọ́ràá láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, pé ẹja ti ń kú lábẹ́ yìnyín kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ ajílẹ̀. Òótọ́ ni fún ọ̀pọ̀ adágún àdáyébá ní ìgbèríko, ìdí sì nìyẹn tí a ò fi bá àjọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú wọn jà. Ṣùgbọ́n adágún Auburn Bay àti ti Mahogany kì í ṣe àdáyébá. Ènìyàn ló gbẹ́ wọn, ènìyàn ló pinnu pé kí koríko tí wọ́n ń gé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ lọ kan etí omi. A ò lè kọ́ nǹkan fúnra wa tán, ká wá di ẹ̀bi rẹ̀ ru ilẹ̀.

Àtakò tó sún mọ́ àwọn òǹkàwé wa jù ni ti ẹni tó ń san owó ilé lóṣooṣù, tó ń san owó orí ilé, tó ń san ti ẹgbẹ́ onílé, tí wọ́n tún wá ń sọ fún un pé àpò ajílẹ̀ kan tó fọ́n síwájú ilé rẹ̀ ló ń pa ẹja. Ó ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Àpò kan kò pa ẹja. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àpò ló ń pa á, kò sì sí onílé kan tó lè fúnra rẹ̀ dá ìyẹn dúró, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi nílò òfin ju ìwàásù lọ. Ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà fòfin de fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì nínú ajílẹ̀ koríko ilé láti 2005, àyàfi níbi tí àyẹ̀wò ilẹ̀ bá fi hàn pé ó nílò rẹ̀ tàbí tí wọ́n bá ń gbin koríko tuntun. Manitoba ní Canada níbí tẹ̀ lé e ní 2009. Koríko wọn ò tìtorí bẹ́ẹ̀ gbẹ. Àwọn ará Èkó náà ti rí irú ìpinnu bẹ́ẹ̀: pàǹtí igi tí ayùn ń gé sílẹ̀ ní Òkóbàbá fi ọ̀pọ̀ ọdún jẹrà sínú ọ̀sà lẹ́bàá Ẹbúté Mẹ́ta. Kíkó àwọn lagilagi lọ sí Agbọ̀wà ni ìjọba fi wá ojútùú sí i, wọn ò gbìyànjú láti fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ọ̀sà. Ìkólọ náà le fún àwọn tó ń jẹun níbẹ̀. Ti koríko Calgary kò le tó ìdajì rẹ̀.

Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Kí ìgbìmọ̀ ìlú Calgary ṣe òfin tirẹ̀ lórí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì nínú ajílẹ̀ koríko, gẹ́gẹ́ bí Manitoba ti ṣe. Kí ẹgbẹ́ onílé kọ̀ọ̀kan máa wọn ọ́síjìn adágún rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ nígbà ooru, àti lábẹ́ yìnyín nígbà òtútù, lókè àti nísàlẹ̀, kí wọ́n sì gbé iye rẹ̀ síbi tí gbogbo ẹni tó ń sanwó á ti rí i. Kí wọ́n jẹ́ kí igbó kékeré àti èèsún padà hù sétí omi dípò koríko gígé. Kí wọ́n máa gbá sínóò kúrò lórí yìnyín níbi tó bá ṣeé ṣe, kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé, nítorí iṣẹ́ tí ṣọ́bìrì lè ṣe kò yẹ kó di ti iná mànàmáná. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣe gbogbo èyí, tí iye náà ṣì ń lọ sílẹ̀, kí wọ́n ra ẹ̀rọ, kí wọ́n tàn án kí omi tó dì, kí wọ́n sì yí ọgbà ká a.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa tó ní ilé ní àwọn àdúgbò wọ̀nyí, ewé àti koríko gígé yín, inú agolo aláwọ̀ ewé tí ìlú ti ń pín láti 2017 ni kó máa lọ, kì í ṣe ojú gọ́tà. Bí ẹ bá dé ilé ìtajà, nọ́ńbà mẹ́ta ló wà lára àpò ajílẹ̀: ti àárín ni fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Ẹ ra èyí tí nọ́ńbà àárín rẹ̀ jẹ́ òdo. Ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ onílé sì wà fún ẹni tó ń sanwó. Ẹ lọ síbẹ̀, ẹ béèrè iye ọ́síjìn tó wà nínú adágún yín ní oṣù kejì tó kọjá, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé.